Òwú Funfun Lọ́rùn Ìgò

Láti ọjọ́ tí Ràhámọ̀tù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá ẹ̀jẹ̀, ní ọsibítù ìjọba nílùú Ìwó, díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ń pòórá, títí tó fi ku àwọn tí wọ́n jọ lọ sí ilé kéú nìkan tó ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà a máa fà sẹ́yìn díẹ̀, a sì yọ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Tí ọmọ kan ò bá fẹ́ jẹun nílé, ìyá ọmọ á ní Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ń bọ̀, oúnjẹ á sì tán nínú abọ́. Obìnrin náà ka èyí mọ́ iṣẹ́ tí ìjọba gbà á fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ò mọ̀ sí i.

Òun kọ́ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀, ọ̀gá yàrá náà, ló ń fà á. Ti Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ni pé kó wá ẹni tí wọ́n máa fà á lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Bí dókítà bá ti ní aláìsàn kan nílò ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹbí tó kún ẹnu ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀kan á rántí pé òun so ewúrẹ́ sínú oòrùn. Òmíràn á ní láti kékeré ni ẹ̀jẹ̀ òun ò ti pọ̀. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ á lọ dúró sí ẹnu géètì, á máa kí wọn níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń jáde, á pe oríkì bàbá wọn, á béèrè ìyá wọn àgbà, á sì fi kíkí náà dá wọn padà sínú ọgbà. Ẹni tí wọ́n bá kí dáadáa ní Ìwó kì í rọrùn fún un láti sá.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ rọrùn. Èyí tó le ni èyí tí obìnrin kan láti Olúpọ̀nnà gbé kalẹ̀ ní ọdún 1968, nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọkùnrin obìnrin náà ti ká apá aṣọ sókè láti fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, èyí tó bá sì ṣẹ́kù, fìríìjì ni yóò wọ̀ fún ẹlòmíì. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Àwọn méjì tó bá mu ọmú obìnrin kan náà, ẹ̀sìn wa ò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ara wọn," ó ní. "Tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi bá wá wọ ara ọmọge kan, kí ni wọ́n dà síra wọn?"

Ọ̀rọ̀ ọmú yẹn, kò sí ọmọ Mùsùlùmí tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìwó. Ti ẹ̀jẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò tíì bi Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ rí. Ó rò ó níbi tó dúró sí. Bí omi ọmú lásán bá lè sọ èèyàn méjì di ọmọ ìyá, ẹ̀jẹ̀ tó kún odidi ìgò ńkọ́? Ó yẹ kó lọ bi Alfa Rájí, tí ilé kéú wọn ò jìnnà sí géètì ọsibítù. Ẹni tó bá mú fùrá lọ́wọ́ kò ní tíì mu ún dé ìdajì kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn wà lórí ibùsùn, obìnrin náà ò jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀ sì ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ní kí ìyá náà fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Ó ní òun ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ láéláé. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Bí òwú ṣe dé ọrùn ìgò nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó, Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ á so òwú dúdú mọ́ ọrùn ìgò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àpọ́n tàbí ọmọge, òwú funfun. Olówùú dúdú lè wọ ara ẹnikẹ́ni. Olówùú funfun, àgbàlagbà ló wà fún, tàbí abilékọ tó ti wà nílé ọkọ rẹ̀, tàbí ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ wá àlèébù lè béèrè pé àbúrò ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ ńkọ́. Òun náà ti rò ó dé ibẹ̀ rí, ó sì tètè padà, nítorí bó bá ń rò ó lọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò lè fẹ́ ẹnì kan mọ́ láti Ìwó dé Kuta.

Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan wà ní ọsibítù tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹni. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn, àwọn ọkùnrin Ilé-Ogbó ń wá, fìríìjì ò ṣófo mọ́. Ìjọba ní Ìbàdàn kọ lẹ́tà láti yin Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀ fún iṣẹ́ takuntakun tó ṣe láàárín àwọn ará ìlú. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó fi tẹ́ rédíò rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ń rí òwú náà lójoojúmọ́, ó sì gbà pé ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń so dúdú, ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń so funfun. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kò béèrè.

Nígbà mìíràn, ọmọge kan á wà lórí ibùsùn, tó jẹ́ pé olówùú funfun ti ọkùnrin nìkan ló kù nínú fìríìjì. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ á ti ti ìgò náà sẹ́yìn kí ọ̀gá tó ṣílẹ̀kùn, á sì ní kí àwọn ìyá ní sùúrù, àwọn ń wá èyí tó bá a mu. Wọ́n á rán mọ́tò lọ sí Òṣogbo. A ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú sí i. A ò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1978, ó lọ sìnkú ní Olúpọ̀nnà fún ọjọ́ méjì, ọkọ̀ kan sì dojú dé lọ́nà Ìbàdàn. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan dé tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, Adùnọlá lorúkọ rẹ̀. Káfíńtà kan tó ń jẹ́ Àmúdà ń tún ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ṣe lọ́jọ́ náà. Ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fa ti òun. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀ fà á, ó sì fi í sára Adùnọlá láìso òwú kankan. Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ fi máa dé, ọmọbìnrin náà ti jókòó, Àmúdà sì ti ń gbé ọsàn wá fún un. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ òun dé ni.

Ọsàn náà ò dáwọ́ dúró nígbà tí Adùnọlá padà sílé. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn ẹbí méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ ìtọrọ. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ wọ ìborùn rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá ọmọbìnrin náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá náà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún un pé Adùnọlá àti Àmúdà ti di ọmọ ìyá kan náà, pé òun ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìyá náà dúpẹ́ títí, ó sìn ín dé títì. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti so yìgì Adùnọlá mọ́ ọkùnrin kan ní Kuta. Ohun tí wọ́n sọ fún Àmúdà ni pé bàbá ọmọ ò gbà. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ sùn dáadáa.

Àmúdà ò fẹ́ ẹlòmíì. Ohun tó ń ṣe ni pé ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, á wá sí ọsibítù, á ká apá aṣọ, á fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, á jẹ búrẹ́dì tí wọ́n bá fún un, á sì padà síbi iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá wá ni Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ń so òwú funfun mọ́ ọrùn ìgò rẹ̀, nítorí àpọ́n ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀ fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹfà ọdún 1984. Wọ́n mu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n fún un ní aago ara ògiri, ó gbé rédíò rẹ̀, ó lọ sílé. Kí ọ̀gá tuntun tó dé, ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ fìríìjì wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní ọ̀gá, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ó fẹ́ àga Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀. Ó kàn jókòó sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó lè nu àwọn ibi tí àkísà ò dé tó bá dúró.

Ọ̀gá tuntun náà dé ní ọjọ́ Ajé. Agnes Àyànbádéjọ lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, láti Ìbàdàn, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó fi gíláàsì bò. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ti múra láti kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i níwájú gbogbo èèyàn, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, ó ní òun ti gbọ́ nípa wọn dé Ìbàdàn, pé àwọn ni òun máa gbára lé. Ìkórìíra ò rí ibi jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni Agnes dìde, ó gbọn ẹrùpẹ̀ kúrò lórúnkún, ó ṣí fìríìjì.

"Ìyá, kí ni òwú wọ̀nyí wà fún?"

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ti ń dúró de ẹni tó máa béèrè. Ó ti to èsì náà sẹ́nu tipẹ́. Ṣùgbọ́n èsì tó dùn lẹ́nu níwájú àwọn ìyá ní Ìwó wá wúwo níwájú ọmọ Ìbàdàn tó fi ìwé ẹ̀rí há abíyá, tó tún jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kó tú aṣọ rẹ̀.

"Ẹwà ni," ó ní.

Agnes wo ọrùn àwọn ìgò náà, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ẹwà ń kó kòkòrò, mà. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé gbogbo wọn kúrò, ó gbá wọn sínú garawa ìdọ̀tí. Ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ, irú ẹ̀jẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé nìkan ni àwọn yóò máa wò. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ni yóò kọ́kọ́ jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kó òṣìṣẹ́ yàrá náà jọ, ìyẹn Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ àti ẹni tó ń fọ ilẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ní òkè òkun, wọ́n ti ń yọ kíndìnrín láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíì, ẹni méjèèjì á sì wà láàyè. Ó ní bí òun ṣe rí yàrá yìí, òun gbà pé lọ́jọ́ kan wọ́n á ṣe é nílẹ̀ yìí, ó sì lè jẹ́ ní Ìwó. Ẹni tó ń fọ ilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ jókòó, ó ń rò ó bóyá kíndìnrín àpọ́n ni tàbí ti ẹni tó ti ṣe ìgbéyàwó.

Ó gbìyànjú láti fi orí ṣe ohun tó ń fi òwú ṣe. Ó kọ́kọ́ ń to àwọn tí ì bá jẹ́ olówùú funfun sí ọwọ́ òsì fìríìjì. Agnes á tún wọn tò ní ọjọ́ kejì. Ó wá ń há nọ́ńbà sórí. Ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde bí ó ṣe ń wọlé, kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ti àpọ́n Kuta kan wọ ara ọmọge tó ń ta òwú ní ọjà Odò-Ọrì. Ti ọmọge Olúpọ̀nnà kan wọ ara olùkọ́ kéú tí kò tíì ní ìyàwó. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ti gbé tọkọtaya mẹ́rin tí wọn ò tíì pàdé ara wọn sórí, ó sì ń gbàdúrà lẹ́yìn gbogbo ìrun pé kí wọ́n má pàdé. Nínú oṣù márùn-ún náà, ẹnì kankan ò dúró de mọ́tò Òṣogbo. Ó ṣàkíyèsí ìyẹn, ṣùgbọ́n kò rò ó síwájú.

Àsìkò yìí gan-an ni wọ́n mú ọjọ́ yìgì ọmọ rẹ̀. Ṣẹ̀fíátù ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, Mùrí Bọ́lárìnwá tó ń ṣe tíṣà ní Ilé-Ogbó ló sì fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ gidi ni Mùrí. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ní kó wá fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀, kí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i kí wọ́n sì tẹ̀ lé e. Mùrí wá, kò jiyàn. Nọ́ńbà igba ó lé méjìlá ni Agnes lẹ̀ mọ́ ìgò rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ há a sórí, ó sì ń dúró de àgbàlagbà kan tó máa gbà á lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ṣẹ̀fíátù. Wọ́n pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí fún ọjọ́ méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà tẹ ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ìfun kékeré kan ti bẹ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n máa gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí yàrá ẹ̀jẹ̀ sì gbé ìgò kan wá. Ẹ̀jẹ̀ Ṣẹ̀fíátù jẹ́ irú èyí tí kò wọ́pọ̀. Agnes yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó yẹ fìríìjì wò, ó sì mú ìgò kan jáde.

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ò tiẹ̀ ní láti súnmọ́ ọn kó tó mọ nọ́ńbà náà.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí òmíràn?"

"Òun nìkan ló bá a mu, mà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì torí pé ọmọ yín ni."

"Òṣogbo ńkọ́?"

"Kí mọ́tò tó lọ kó tó bọ̀, Ìyá..."

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ wo aago. Ó mọ iye ìgbà tí òun ti dúró sí ibi tí Agnes dúró sí yìí, tí òun ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kó ní sùúrù. Bí ìgò yìí bá wọ ara Ṣẹ̀fíátù, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń wí láti ọjọ́ yìí wá, Mùrí ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yìgì sì ti tú kí wọ́n tó so ó. Bí kò bá wọ̀ ọ́, kò sí ẹni tí wọ́n máa so yìgì fún. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ Agnes, ó pa á mọ́ àyà, ó sì gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀.

Ṣẹ̀fíátù yè. Ní ọjọ́ kẹrin ó ń mu ẹ̀kọ. Mùrí ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ilé-Ogbó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń di ara wọn lọ́wọ́ mú. Kò sí ẹni tó mọ̀ àfi òun. Bó bá dákẹ́, wọ́n á fẹ́ ara wọn, ilé á sì tòrò. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò sùn dáadáa.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Àmúdà dé. Oṣù mẹ́fà rẹ̀ ti pé. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, Agnes ki abẹ́rẹ́ bọ ọ́ lápá, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Láìrò ó, Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ti ki ọwọ́ bọ àpò. Kẹ̀kẹ́ òwú funfun ṣì wà níbẹ̀. Ó dì í mú, ó ń wo ojú Àmúdà. Irun ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun létí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òun rìn lọ sọ fún ìyá Adùnọlá, tí òun ò wá ní lè sọ fún bàbá Mùrí, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ojú tì í. Ó ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́, òun fẹ́ yọjú síta díẹ̀.

Ilé Alfa Rájí ló lọ. Kò lọ béèrè bóyá yìgì lè wà. Ó ti gbà pé kò lè wà. Ó fẹ́ kí Alfa kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún bàbá ọmọkùnrin láìfi ṣe ìjà ni. Alfa ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá a mọ́ ọn lẹ́nu: ọmú, ẹ̀jẹ̀, òwú, ìgò igba ó lé méjìlá.

"Ọmọ rẹ náà, ọmọ ọdún mélòó ni?" Alfa béèrè.

"Mọ́kànlélógún, Alfa."

"Ọmú tó ń sọ èèyàn di ìbátan, èyí tó bá mu láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, bó bá mu ọmú gan-an, kò sọ ọ́ di nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣe ọmú, Ràhámọ̀tù. Ìtọ́jú ni. Kí wọ́n fẹ́ ara wọn."

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ béèrè bóyá ó dá Alfa lójú.

"Wọ́n ti bi mí tipẹ́tipẹ́, nígbà tí ogun ṣì ń jà. Obìnrin kan láti Olúpọ̀nnà ni. Ó ní òun ti kọ́kọ́ bi ẹnì kan ní ọsibítù, pé ẹni náà ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Mo sọ fún un pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rò pé ó padà wá sọ fún ẹni náà."

Inú Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ dùn. Ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti wọ bàtà rẹ̀ kan, ó di ọ̀ọ́kán kó tó padà lọ mú un. Ṣẹ̀fíátù á lọ sílé ọkọ. Tọkọtaya mẹ́rin tó gbé sórí bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń rẹ́rìn-ín lójú títì, ó ń kí ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín náà dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ló ti rí Àmúdà, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá ẹ̀jẹ̀, tó ń jẹ búrẹ́dì.

Ó lè gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Ó dúró díẹ̀ láti rò ó. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìsìnkú Olúpọ̀nnà, ọ̀sán tó wọ ìborùn lọ sọ́dọ̀ ìyá Adùnọlá, ohun tó sọ níbẹ̀, àti ohun tí Alfa sọ fún un nísinsìnyí. Kò fi ohunkóhun bò. Àmúdà ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò gbé e mì.

"Torí ìyẹn ni?" ó béèrè.

"Torí ìyẹn ni."

"Mo ti gbà pé torí pé káfíńtà ni mí ni." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ó wá ku ohun kan tó ń yà mí lẹ́nu. Káfíńtà ni wọ́n fún un ní Kuta."

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó lè bí, lójú àwọn nọ́ọ̀sì, lójú àwọn ẹbí tó kún ẹnu ọ̀nà. Àmúdà dìde kíá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì ní òwú funfun ojú abẹ́rẹ́ lára. Ó béèrè bóyá ara Adùnọlá le. Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ní ó le, pé ọmọ mẹ́ta ló ti bí. Àmúdà ní ìyẹn dára.

Agnes yọjú láti ojú fèrèsé, ó na ìgò Àmúdà sí Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ pé kó bá òun gbé e sínú fìríìjì. Ìgò náà ṣì gbóná lọ́wọ́. Àmúdà wò ó.

"Ta ni wọ́n máa fún ní tòní?"

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ò mọ̀. "Ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀," ó ní.

Àmúdà mi orí. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó rìn díẹ̀, ó sì tún yíjú padà.

"Mà, ẹ ò so òwú mọ́ ọn. Mo máa ń rí i pé funfun lẹ máa ń so mọ́ tèmi, dúdú lẹ máa ń so mọ́ ti àwọn tó kù. Mo rò pé nítorí tèmi dára ni."

Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dára. Ó dúró títí Àmúdà fi jáde ní géètì. Lẹ́yìn náà, ó gbé ìgò náà wọlé, ó sì tò ó sẹ́yìn àwọn tó ti wọlé ṣáájú rẹ̀, bí ọ̀gá ṣe fẹ́.